Kọ̀ǹpútà Tó Dákẹ́ Jù

Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ a máa kùn. Kì í ṣe kíkùn tí èèyàn lè gbójú fò o. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ báyìí, á kọ́kọ́ wúkọ́, fáànù inú rẹ̀ á yí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò sì dunnú sí i, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù, kò sì ní dákẹ́ títí màá fi pa á. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òun bá wà ní ilé ìdáná, òun mọ ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí mo kàn sá wọ yàrá lọ sùn. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn pálọ̀ wa ní Niangon, ní Abidjan, ni mò ń wí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba orin sílẹ̀. Lọ́sàn-án, aṣọ ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Adjamé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti délé tí mo kírun tán, ẹ má wá mi sí ibòmíràn.

Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà gan-an. "France au revoir" ni, bí a ti ń pe gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ti lò kó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní Abidjan, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lọ́hùn-ún kò mọyì rẹ̀ tó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan wà tí mo so mọ́ ọn, èyí tí à ń pè ní carte son. Inú rẹ̀ ni ohùn máa ń gbà láti ẹnu máíkù kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà. Míkísà kan sì tún wà, tí mo rà lọ́wọ́ olórin kan tó ń kó lọ sí Canada. Bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti sọnù, ìdérí báírò ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kó wọn dànù. Ohùn tó bá gba inú àwọn méjèèjì kọjá máa ń ní ara, ó máa ń dà bíi pé ẹni tó ń kọrin náà jókòó tì ọ́. Mo ti gbọ́ àwọn ẹ̀rọ tuntun lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ohùn inú wọn mọ́ tónítóní, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ohùn tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà mi ni ti ìyá mi. Wákà ni ìyá mi ń kọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ àsáláátù àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ní Treichville. Tí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, òun ni. Tí wọ́n bá ń so yìgì, òun ni. Tí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ, kó tó jẹun, wọ́n á ní kó fi orin kan ṣàdúrà fún ọmọ náà. Kò sí ìlù níbẹ̀. Òun á dá orin, àwọn obìnrin á gbè é, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, ó parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àwọn orin náà, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń ta yìnyín, omi tútù àti bissap, ohun tí wọ́n ń pè ní sobo nílé, kò sì kọ ọ̀kankan sórí ìwé rí. Àwọn tó ń gbè é mọ ègbè. Ìyá mi nìkan ló mọ ìyókù.

Ní ọdún tó kọjá ó pe èmi àti ìyàwó mi jókòó, ó ní tí Iléyá bá ti kọjá, òun ń lọ sílé. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa padà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ya dìndìnrìn.

"Mo ní mò ń lọ sílé. Ṣé ẹni tó lọ sílé tún ń padà ni?"

Gbogbo àwọn àgbà wa níbí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, wọn ò ní lọ. Nítorí náà, n kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkòkò tọrẹ. Ìyá mi kì í fi ìkòkò tọrẹ. Ọjọ́ tí mo rí ìkòkò ńlá tó fi ń se oúnjẹ ọdún ní ilé aládùúgbò rẹ̀ ni àyà mi já, torí pé ìdajì orin rẹ̀ péré ni mo tíì gbà sílẹ̀. Ìyókù ṣì wà lórí rẹ̀. Tó bá bá bọ́ọ̀sì lọ pẹ̀lú wọn, wọ́n lọ nìyẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ ní Niangon tí ọjọ́ ìsinmi bá dé, ó sì gbà. Àsìkò yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà mi yàn láti máa daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi wà nídìí máíkù lọ́jọ́ kan, ó ń kọ orin tó ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti di olóògbé, tí wọ́n jọ ta yìnyín. Ó pa ojú dé. N kò tíì gbọ́ kó kọ orin dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó ti dúró gbagidi, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

"Ó ti wọlé?" ó bi mí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ó dúró."

"Ó dúró bíi báwo? Ṣé ó sùn ni?"

"Ó sùn, mà."

"Ayi!" Èdè Jùlá ló máa ń bọ́ sí tí nǹkan bá ti sú u. "Kọ̀ǹpútà tó ń sùn lójú ọ̀sán gangan. Kò burú. Àmọ́ mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ó ti jáde lára mi."

Inú bí mi débi pé nígbà tó lọ tán, mo fẹ́ ta kọ̀ǹpútà náà nípàá. Mo ta á nípàá díẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kí gbogbo ilé lè sinmi. Ọmọ mi obìnrin, tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama tí à ń pè ní lycée, gbè é lẹ́yìn pé kí n ra kékeré, pé ó dáa gan-an: "Papa, prends un petit ordi, c'est zo!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. A ó bá a sọ Yorùbá, yóò gbọ́, Faransé tí àwọn ọmọ Abidjan fi Nouchi, èdè ìgboro wọn, lú ni yóò fi dáhùn. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé wáyà tó jáde lára carte son mi, ẹnu rẹ̀ yíká lápá kan, ó tẹ́jú lápá kejì, wọn kò sì ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ sára kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní ihò yẹn ti sú àwọn. Wọn ò bi mí. Kí n wá ra alágbèéká, kí n da carte son àti míkísà nù, kí ìdajì orin ìyá mi máa dún bí ìyá mi, kí ìdajì kejì máa dún bí obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifóònù báńkì? Kò jọ ọ́.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní Adjamé, kò jìnnà sí ọjà Roxy. Mo fi wáyà mi hàn án, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Vieux père, ça là, c'est musée."

Mo ní wáyà mi kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó jọ̀wọ́ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tọrọ gáfárà, ó wá kó àwọn ẹnu ìsopọ̀ kéékèèké sílẹ̀. Ó ní kí n ki ọ̀kan bọ inú èkejì, kí n ki ìyẹn bọ inú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta á wá wọ inú kọ̀ǹpútà tuntun tó bá wù mí. Mo yá alágbèéká aládùúgbò wa kan láti fi dán an wò. Àwọn ẹnu ìsopọ̀ náà gùn jáde lára rẹ̀ bí ìrù alángbá. Iná carte son tàn, ó kú. Ó tún tàn, ó tún kú. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, mo fajú ro. Ó rí mi láti òkèèrè, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti fa àga fún mi. Ó ní tó bá jẹ́ pé dandan ni wáyà yẹn, kí n gbàgbé alágbèéká, kí n ra kọ̀ǹpútà oníàpótí ńlá, irú èyí tí èèyàn lè tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó sì ki nǹkan sínú rẹ̀. Pátákó kékeré kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọn nínú, ihò àtijọ́ yẹn wà lára pátákó náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Vieux père, ẹ ò bi mí." Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó de pátákó mọ́ inú kọ̀ǹpútà níṣojú mi, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi ètò tó dé kẹ́yìn sínú rẹ̀, èyí tó dàgbà díẹ̀ tó ṣì mọ carte son mi ni kó fi sí i. Nígbà tí mo délé tí mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, iná búlúù tàn lójú carte son, kò sì kú mọ́. Mo pariwo "Àlùhámúdùlílà!" débi pé ìyàwó mi sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà tuntun náà kì í kùn. Ó dákẹ́ débi pé mo máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Inú mi dùn kọjá ààlà. Èmi tí mo ti ń bá kíkùn jà láti ọdún yìí wá, tí mo ti ń fi tìmùtìmù dí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, tí mo ti ń fa máíkù jìnnà sí i, mo wá jókòó sínú yàrá mi, mo ń gbọ́ èémí ara mi. Mo kúkú ra fóòmù, mo fi bo ògiri, mo fi aṣọ tó nípọn dí ojú fèrèsé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ankara bò ó kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fọwọ́ pa á lára. Ó ṣe mí bákan, n kò ní purọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kó àwọn obìnrin rẹ̀ dé láti Treichville. Ìyàwó mi ti gbé omi atalẹ̀ gbígbóná sílẹ̀, torí pé ìyá mi kì í kọrin tí kò bá tíì mu ún. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí ẹní bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ń yẹ fóòmù ara ògiri wò, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé ògiri mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ni. A rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní Bísímílà, ó dá orin.

Ó dá a sókè jù. Nígbà tó kan ègbè, àwọn obìnrin ò lè dé ibi tó gbé e sí, ohùn wọn fọ́. Wọ́n ní kó tún un dá. Ó tún un dá, lọ́tẹ̀ yìí ó wálẹ̀ jù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó tún un dá. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi tó dáa, àmọ́ kó tó dé àárín orin ó ti ń yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin sì ń lé e kiri. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá mi! Obìnrin tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọ́ wákà máa ń wá fetí sí bó ṣe ń dá orin.

"Àlàájà, ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ yín," ọ̀kan nínú wọn sọ fún un jẹ́jẹ́.

"Kò rẹ̀ mí."

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná."

"Mo ní kò rẹ̀ mí. Ibí yìí ni ò gbà mí. Ó ṣófo."

Mo sún máíkù mọ́ ọn. Mo sún un sẹ́yìn. Mo ní kó fi casque bo etí kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀, ó dé e, ó ṣí i, ó ní ṣé òun ń wa ọkọ̀ òfuurufú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, òun náà sì rí i pé àánú òun ń ṣe wọ́n, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Bóyá Ọlọ́hun ló ní kó dúró síbẹ̀."

Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa rí takisí. Nígbà tí mo padà, n kò lè jẹun. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ohùn Ìyá ti lọ. Ó ní kí n má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Mo ní etí mi kò purọ́ fún mi, iṣẹ́ tí mò ń fi wọ́n ṣe nìyẹn. Àgbà ti dé sí i, a ò sì fura. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń jó lọ, èmi wà ní Adjamé, mò ń bá èèyàn jà nítorí wáyà. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Mo wo kọ̀ǹpútà tuntun náà tó jókòó dọ́lọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ, ó tilẹ̀ sú mi láti rí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo lọ mú ìyá mi wá láàárọ̀, òun nìkan. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyàwó mi bojú, mo ní òun ló fẹ́ rí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó gbọ́ àwọn orin tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá á rántí bó ṣe máa ń dá wọn. Àmọ́ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni wọ́n ṣì wà, n kò tíì kó wọn jáde. Mo ṣí ankara kúrò lórí rẹ̀, mo gbé e wọ yàrá padà, mo gbé e sílẹ̀ ní igun, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó máa ń pẹ́ kó tó jí dáadáa, nítorí náà mo jókòó, mo ń dúró dè é. Ìyá mi wà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

Imú ló kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Orin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú yẹn ni, èyí tí kọ̀ǹpútà sùn lé lórí. Kò wò mí, kò bi mí léèrè nǹkan kan. Ó dá a síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, kò yọ̀, kò fọ́. Mo rákò dé ìdí kọ̀ǹpútà tuntun kí n má baà dí i lọ́wọ́, mo sún máíkù sí i, mo tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò ká mi lára. Omi ti wà lójú mi.

"Ó wọlé àbí ó tún sùn?" ó bi mí nígbà tó parí.

"Ó wọlé, mà."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ìgbà tí mo ń gbọ́ ọ padà ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kíkùn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà lábẹ́ orin náà, hùùù, ibi tí ohùn kíkùn náà ga dé gan-an sì ni ìyá mi ti dá orin. Mo ṣí àwọn orin àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni gbogbo wọn rí, kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Mo wá rántí ṣọ́ọ̀bù yìnyín ní Treichville. Fìríjì ńlá funfun kan wà níbẹ̀ tó ń kùn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Tí oòrùn bá mú, ìyá mi á fẹ̀yìn tì í, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ orin. Iná mànàmáná kan náà ló ń mú fìríjì kùn tó sì ń mú kọ̀ǹpútà kùn, ẹni tó bá fetí sí wọn dáadáa á rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni ohùn wọn. Níbi ìnáwó náà, fìríjì ẹni tó ń ta ohun mímu kì í jìnnà, bí kò bá sì sí fìríjì, gbohùngbohùn á máa kùn. Gbogbo ayé rẹ̀, ìyá mi kò tíì dá orin nínú yàrá tó dákẹ́ rí, àfi yàrá tí èmi ọmọ rẹ̀ lọ fi fóòmù bò.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo sọ fún un.

"Ìyá, ọwọ́ ẹ̀rọ yìí ni ẹ ti ń gba ohùn tí ẹ fi ń dá orin."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tó ń kùn yìí. Látijọ́, fìríjì ṣọ́ọ̀bù yín ni."

Ó dá tẹ̀sùbáà dúró. "Èmi? Èmi ni mò ń gba ohùn lọ́wọ́ fìríjì? Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́hun ló fún mi ní ohùn o! Fìríjì ló kọ́ mi ní wákà?"

Ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo ẹnu. Mo tọrọ gáfárà. Àmọ́ mo mọ ara mi, n kò lè fi nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ òmíràn fún mi, ó kọ́kọ́ kọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Nígbà tó wọ inú orin náà dáadáa, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo pa kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ohùn ìyá mi yọ̀ kúrò níbi tó wà. Ó dákẹ́, ó gbójú sókè.

"Iná ti lọ ni?"

Gílóòbù ń tàn ganrínganrín lórí rẹ̀. Ìyàwó mi sá lọ sí ilé ìdáná, a gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyá mi wo gílóòbù, ó wò mí, ó ní kí n tan nǹkan náà padà kí n má bá òun ṣeré.

Bí mo ṣe di ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tí kì í kùn nìyẹn, tó wá gbé èyí tó ń kùn tì í. Tuntun ń gba orin sílẹ̀. Ti àtijọ́ jókòó sí igun, kò ṣe nǹkan kan mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kùn. Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé fóòmù ara ògiri yẹn ṣì wúlò?" Mo ní ó wúlò púpọ̀, òun ni kò jẹ́ kí kíkùn náà jáde lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀nà wà tí mo lè gbà yọ kíkùn náà kúrò nínú orin lẹ́yìn tí a bá gbà á tán. Mo dán an wò lórí ọ̀kan. Orin náà mọ́, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n fa àga kúrò nídìí rẹ̀. Mo dá kíkùn náà padà, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwọn obìnrin padà wá. N kò sọ nǹkan kan fún wọn nípa fìríjì, ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé Treichville, òun mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó dá orin, wọ́n gbè é, yàrá náà kún. Lẹ́yìn ìyẹn wọn kì í fẹ́ lọ mọ́. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ ìrẹsì ìyàwó mi, wọ́n á rántí orin mìíràn, wọ́n á tún padà sórí ẹní. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sáàárín wọn. Ó mọ gbogbo ègbè, n kò mọ ìgbà tó kọ́ wọn. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń gbè, lọ́jọ́ kan ó yíjú sí mi: "Papa, ça veut dire quoi, ce mot-là?" Mo la ẹnu láti dáhùn, mo rí i pé èmi náà kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èmi tí wọ́n bí sí Treichville kò gbọ́ ọ nílé ẹlòmíràn rí. Ìyá mi dá orin dúró, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa méjèèjì, Yorùbá díẹ̀, Faransé ọjà díẹ̀, ọwọ́ ló fi sọ èyí tó kù.

Iléyá dé, ó kọjá. A gba orin tó kẹ́yìn nígbà tí ẹrù rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní dídì. Mo kó gbogbo wọn sórí fúláàṣì kan, mo ra rédíò kékeré tó ń lo fúláàṣì, èyí tí àgbàlagbà lè tẹ̀ láìsí wàhálà, mo dì í sínú àpò kékeré kan tí ìyàwó mi rán fún un. Mo ń yangàn. Gbogbo orin rẹ̀ ló pé síbẹ̀, kò ku ọ̀kan.

Ọjọ́ tó ń lọ, a bá a dé ibùdókọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kún ilẹ̀, ó sì jókòó sórí èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé àpò kékeré náà lé e lọ́wọ́.

"Ìyá, gbogbo orin yín ló wà níbẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ọ nílé."

Ó yọ rédíò náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde, kíkùn wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin sì hó yè. Ó fetí sí i díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa á, ó dá a padà sínú àpò, ó fi àpò náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ká ìka mi lé e lórí.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Èmi ni mo ni orin. Ibi tí mo bá wà, ibẹ̀ lòun náà wà."

"Ìyá, nítorí yín ni mo ṣe ṣe é."

"Nítorí mi kọ́. Ẹ̀yin tí mò ń fi sílẹ̀ yìí ni ẹ ò ní máa gbọ́ mi mọ́."

Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ rárá. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé yìnyín ti tán lónìí. Ó gbá ọmọ mi mọ́ra, ó sọ nǹkan sí i létí, wọ́n sì dì í lọ́wọ́ mú gun bọ́ọ̀sì.

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá wáyà kiri, tí mo fi ń bá fóòmù àti máíkù jà, bí orin náà ṣe máa pé ni mò ń rò. N kò jókòó rò ó lẹ́ẹ̀kan pé ìyá mi ń lọ. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì náà yọ sójú títì ni mo tó rò ó, àpò náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì sunkún níwájú ọmọ mi bí ọmọ kékeré.